Sekonic L-308X: mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kí aṣọ tó dá sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ ra mítà kékeré tí mo máa ń fi kọ́ ọrùn tí mo bá ń ya fọ́tò, orúkọ rẹ̀ ni Sekonic L-308X, wọ́n tún ń pè é ní Flashmate, iléeṣẹ́ tó ṣe é ti wà ní Japan láti 1951, mítà ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ayé sì fi mọ̀ wọ́n. Ìdáhùn mi ni pé ẹ rà á, tó bá jẹ́ pé ẹ ń lo fláàṣì tẹ́ ẹ ń fọwọ́ ara yín yí agbára rẹ̀, tàbí pé fíìmù lẹ ń yà, tàbí pé iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ máa ya èèyàn púpọ̀ tí aṣọ wọn àti àwọ̀ ara wọn ò jọra lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà. Tó bá jẹ́ pé kámẹ́rà mirrorless tuntun (irú èyí tí ò ní dígí nínú) ló wà lọ́wọ́ yín, tó sì jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ nìkan lẹ ń lò, ẹ jẹ́ kówó yẹn dúró ná, lẹ́ńsì tó dáa máa ṣe yín láǹfààní jù ú lọ. Àlàyé rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Orí aṣọ ni mo fẹ́ gbé e gbà. Ẹ kó ẹtù, sányán àti àlàárì síta lọ́sàn-án, ẹ tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ wá gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí táṣọ á fi kún ojú lẹ́ńsì. Oòrùn kan náà ló ń ràn lé wọn lórí, ẹsẹ̀ yín ò kúrò níbi tó wà, síbẹ̀ nọ́ńbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kámẹ́rà máa gbé wá. Tó bá dé orí ẹtù tó ti mu aró yó, á ní ìmọ́lẹ̀ ò tó, ẹ fi kún un. Tó bá dé orí sányán, á ní ẹ rọra dín in kù. Ohun tó fà á ni pé mítà inú kámẹ́rà ò rí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ látòkè, èyí tó ti kan aṣọ tó wá ta padà ló ń rí, gbogbo ohun tó bá sì rí ló gbà pé àwọ̀ eérú ni, àwọ̀ eérú tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Nítorí náà ó fẹ́ sọ ẹtù di eérú, ó fẹ́ sọ léèsì funfun di eérú, bẹ́ẹ̀ náà ló fẹ́ ṣe ojú ẹni tó wọ̀ ọ́. Kámẹ́rà olówó ńlá náà ń ṣe é o, àwọn tuntun tó ń dá ojú èèyàn mọ̀ ń gbìyànjú lóòótọ́, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ta padà náà ni àwọn náà ń wò.

Mítà ọwọ́ ò bá aṣọ sọ̀rọ̀ rárá. Ìdajì bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan wà lórí rẹ̀, ẹ máa gbé e sí ibi tí ojú èèyàn wà, ẹ máa kọ bọ́ọ̀lù yẹn sí ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ wá sórí ẹni yẹn ló máa wọ̀n, kó tó kan nǹkan kan. Ẹtù, sányán, àlàárì, nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ fi nọ́ńbà kan yẹn ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹtù á jáde ní ẹtù, sányán á jáde ní sányán, pupa àlàárì á dúró síbi tó yẹ kó dúró. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìdajì bọ́ọ̀lù, kí ló dé tí ò fi jẹ́ nǹkan pẹlẹbẹ. Ojú èèyàn kì í ṣe pẹlẹbẹ ni, imú yọ síta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yí sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ sì ń ti iwájú wá, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó ń ti òkè wá, bọ́ọ̀lù yẹn á gba gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ bí ojú ṣe ń gbà á. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Don Norwood ló gba patent ọgbọ́n yìí ní 1940, ó ti pẹ́ gan-an, síbẹ̀ mi ò tíì rí èyí tó dáa jù ú lọ fún fọ́tò èèyàn.

Ibi tó ti wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa. Ẹ wo ìgbéyàwó, ọkọ dúdú, ó wọ agbádá funfun, ìyàwó pupa, ó wọ aṣọ òkè tó jinlẹ̀, ẹ ya ọkọ nìkan, kámẹ́rà rí agbádá, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ọkọ ṣókùnkùn, ẹ yí sí ìyàwó, kámẹ́rà rí aṣọ òkè, ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ojú ìyàwó bó, ẹ wá ya àwọn méjèèjì pọ̀, ó tún gbé ọ̀nà kẹta yọ. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà, ẹ máa tún fọ́tò kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tó bá sì parí, àwọ̀ ẹnì kan náà ò bára mu nínú álíbọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí álíbọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, torí èèyàn dúdú tó dúdú dáadáa lẹ́wà, dúdú rẹ̀ ló yẹ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá nínú fọ́tò. Ẹ lọ wo àwọn fọ́tò irun tí J.D. 'Okhai Ojeikere, fótógíráfà ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, irun kíkó àti irun dídì, fọ́tò dúdú àti funfun lásán, síbẹ̀ ẹ lè ka òwú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lè rí ibi tí ọrùn ti yà kúrò lára irun, dúdú lórí dúdú, kò sì sí èyí tó gbé èkejì mì. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá, mítà yìí sì sún mi mọ́ ọn ju gbogbo nǹkan tí mo ti rà lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Kò tóbi, ó wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, kò wúwo lọ́rùn. Bátìrì AA ẹyọ kan ló ń jẹ, irú èyí tí wọ́n ń fi sí rìmóòtù, tí wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé gbogbo èèyàn, mo fẹ́ràn ìyẹn jọjọ torí kò sí pé à ń wá ṣájà nígbà tí iná ò sí, bátìrì kan sì máa ń pẹ́ dáadáa. Okùn ọrùn àti àpò kékeré tó ń kọ́ bẹ́líìtì máa ń bá a wá. Bọ́tìnì tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àtàǹpàkò máa bá a láìwò ó. Ojú rẹ̀ máa ń tàn nígbà tí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn. Ní ISO 100 (ISO ni bí kámẹ́rà tàbí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), ó lè wọn ìmọ́lẹ̀ láti EV 0 títí dé EV 19.9 (EV ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ka bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó), ìyẹn ni pé láti inú yàrá tí iná ibẹ̀ rọra ń tàn títí dé oòrùn tó le jù tẹ́ ẹ lè bá pàdé. Ó ní ti fọ́tò, ó ní ti fídíò, àwọn tó ń ya fídíò máa rí ibi tí wọ́n ti lè yan iye férémù ìṣẹ́jú àáyá kan. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ lo ti fídíò, ti fọ́tò ni mo mọ̀ tinútòde.

Kíkọ́ rẹ̀ wá ńkọ́? Kò le, àmọ́ ó ní ètò. ISO tó wà lórí mítà àti ISO tó wà lórí kámẹ́rà gbọ́dọ̀ bára mu, èyí ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà ẹ máa yan shutter fúnra yín, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń la ojú sí ìmọ́lẹ̀, bíi 1/125 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ tẹ bọ́tìnì, òun á wá sọ f tó yẹ kẹ́ ẹ fi lẹ́ńsì sí, f ni bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó. Tó bá kọ E.u, ìmọ́lẹ̀ ò tó fún shutter tẹ́ ẹ yàn, tó bá kọ E.o, ó ti pọ̀ jù, ẹ yí shutter tàbí ISO. Tẹ́ ẹ bá di bọ́tìnì mú láì fi sílẹ̀, á máa wọ̀n ọ́n lọ títí, ẹ lè máa rìn yípo pẹ̀lú rẹ̀ kẹ́ ẹ máa wo bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, mo gbà yín nímọ̀ràn kẹ́ ẹ ṣe èyí nínú ilé yín, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé dé ẹ̀yìn àga, torí ojú wa máa ń mọ́ra kíákíá, a ò ní mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú jù ni nọ́ńbà kékeré tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ńlá. Ká ní ó gbé 5.6 wá, tí 3 kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe 5.63 o. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ ti kọjá f/5.6, ẹ fi ìdá 3 nínú 10 stop kan lé e (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí kó dín sí ìdajì), lórí kámẹ́rà òde òní f/6.3 nìyẹn. Tó bá jẹ́ 7 kékeré, f/7.1 ni. Tó bá jẹ́ 9 kékeré, ẹ kúkú lọ sí f/8. Lórí lẹ́ńsì àtijọ́ tí òrùka rẹ̀ ò ní nọ́ńbà tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sí àárín 5.6 àti 8, ó ti tó. Tí èyí bá ti yé yín, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Bọ́ọ̀lù funfun yẹn, ẹ lè fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá ti kúrò lójú mítà, mítà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìmọ́lẹ̀ tó ta padà bíi ti kámẹ́rà, àyè tó ń wò sì fẹ̀ tó digírì 40. Ẹ máa fi ìka kàn án kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wà ní àárín gbùngbùn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí ló ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ìdí kámẹ́rà. Ẹ rìn lọ bá ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà, ẹ gbé mítà sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ kọ bọ́ọ̀lù sí lẹ́ńsì, ẹ na apá yín kẹ́ ẹ sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí òjìji yín má baà bọ́ sórí rẹ̀, aṣọ funfun tẹ́ ẹ wọ̀ náà lè da ìmọ́lẹ̀ padà sórí rẹ̀, èmi aṣọ dúdú ni mo máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà lẹ fẹ́ yà, ẹ má kàn gbé ẹ̀rọ lọ sábẹ́ àgbọ̀n wọn láìsọ nǹkan kan, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ ba, ẹ ní “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ fi èyí wọ̀n kí àwọ̀ yín lè jáde dáadáa.” Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn máa ń jẹ́ kí wọ́n túra ká, àwọn ìyá míì á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè, ojú tí wọ́n bá gbé sókè lẹ́yìn ìyẹn ni ojú tí mo fẹ́ yà.

Níbi àríyá tí ò ti sáyè láti máa rìn bá èèyàn kọ̀ọ̀kan, ẹ rántí pé tí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí yín bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó ń bọ́ sórí wọn, ẹ lè wọ̀n ọ́n níbi tẹ́ ẹ dúró sí, ẹ ṣáà kọ bọ́ọ̀lù sí apá ibi tí ojú lẹ́ńsì ti máa ti wá. Abẹ́ kánópì lẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Etí kánópì àti àárín rẹ̀ ò dọ́gba rárá, ó lè tó stop 2 tàbí 3, nítorí náà kí àlejò tó kún, mo máa ń lọ wọn ibi tí ọkọ àti ìyàwó máa jókòó, mo máa ń wọn ojú agbo tí wọ́n ti máa jó, mo máa ń wọn etí, mo sì máa ń kọ wọ́n sórí ìwé kékeré kan. Tí oòrùn ò bá ti lọ jìnnà, nọ́ńbà yẹn ni mo máa fi ṣiṣẹ́, ojú mi á wà lára èèyàn, kì í ṣe lára ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mítà yìí ò mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ o, tí kánópì bá jẹ́ búlúù tó sì kun ojú gbogbo èèyàn ní búlúù, iye ìmọ́lẹ̀ ló máa sọ fún yín, ọ̀rọ̀ àwọ̀ kù sọ́wọ́ white balance yín, ìyẹn ètò tí kámẹ́rà fi ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe.

Ọ̀nà tí mo gbà kọ́ ọ tó fi wọ̀ mí lára ni pé mo máa ń kọ́kọ́ fẹnu sọ nọ́ńbà kí n tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ dúró síbì kan, ẹ wo ìmọ́lẹ̀, ẹ wo bí òjìji ṣe le tó, ẹ sọ ọ́ jáde, “ISO 100, 1/125, f/8,” ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Sunny 16 ló máa ràn yín lọ́wọ́, ó ní tí oòrùn bá ń ràn gbẹ̀ẹ́ tó sì kọjú sí ẹni tẹ́ ẹ ń yà, f/16 pẹ̀lú 1/125 ní ISO 100, ìyẹn nǹkan bí EV 15. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa níbí, agogo méjìlá ọ̀sán oòrùn máa ń wà ní àtàrí, kì í kọjú sí ẹnikẹ́ni, ihò ojú á ṣókùnkùn, bọ́ọ̀lù mítà náà òkè rẹ̀ nìkan ni oòrùn máa bá, nítorí náà nọ́ńbà tó máa gbé wá á kéré sí 16, òótọ́ ló sì ń sọ. Tí ọyẹ́ bá dé tí eruku bo ojú ọ̀run, á tún já wálẹ̀ sí i, òjìji á rọ̀, èmi fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ yẹn gan-an fún fọ́tò ojú. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́, ojú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀.

Fláàṣì ni ibi tí owó tẹ́ ẹ san ti máa padà wá. Ojú èèyàn ò lè rí bí fláàṣì ṣe lágbára tó, ó ti kọjá lọ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, kámẹ́rà náà ò sì lè wọ̀n ọ́n ṣáájú tó bá jẹ́ pé ẹ fọwọ́ yí i ni. Ọ̀pọ̀ máa ń ya fọ́tò, wọ́n á wò ó, wọ́n á yí i, wọ́n á tún yà, oníbàárà á ti rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú mítà yìí, ẹ yan ibi tí wọ́n ya àmì fláàṣì sí tí ò ní wáyà, ẹ tẹ bọ́tìnì, á máa dúró de fláàṣì fún nǹkan bíi 90 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ wá jẹ́ kí fláàṣì kọ, nọ́ńbà jáde. Ihò wáyà wà lára rẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ so ó mọ́ fláàṣì tààrà. Shutter tẹ́ ẹ bá fi sórí mítà ò gbọdọ̀ yára ju èyí tí kámẹ́rà yín lè bá fláàṣì ṣe, 1/200 tàbí 1/250 ni ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà. Ẹ gbé fláàṣì yín sí Manual o, ẹ má lo TTL, ìyẹn ètò tí kámẹ́rà fi ń yan agbára fláàṣì fúnra rẹ̀, torí TTL máa ń kọ́kọ́ tan fìrí kan kí ojúlówó tó wá, fìrí yẹn ni mítà máa gbá mú, nọ́ńbà á sì ṣìnà.

Ní sítúdíò, iná kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń wọ̀n lọ́tọ̀. Màá tan iná ńlá nìkan, màá kọ bọ́ọ̀lù sí iná yẹn, màá fi ọwọ́ kejì bo ìyókù kó má rí ìmọ́lẹ̀ míì, ká ní ó fún mi ní f/8. Màá pa á, màá tan èyí tó ń tan òjìji, tó bá fún mi ní f/4, mo mọ̀ pé stop 2 ló wà láàárín wọn, òjìji á jinlẹ̀, á bá bàbá tó wọ agbádá mu, tó bá jẹ́ ọmọ tuntun ni, màá gbé e dé f/5.6 kó rọ̀. Lẹ́yìn náà màá tan méjèèjì, màá kọ bọ́ọ̀lù sí kámẹ́rà, èyí tó bá gbé wá ni mo máa fi yà. Àwọn kan ní ibi iná ló yẹ kí bọ́ọ̀lù kọjú sí nígbà gbogbo, àwọn kan ní kámẹ́rà ni, àríyànjiyàn náà pọ̀, èmi fara mọ́ kámẹ́rà fún nọ́ńbà ìkẹyìn, pàápàá fún àwọ̀ dúdú, torí pé tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sí iná nìkan, apá ojú tí iná ò dé máa rì sínú òkùnkùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ tún máa rí bí fláàṣì ṣe ń yára rẹ̀ tó bá jìnnà, tí fláàṣì bá jìnnà sí ẹni tẹ́ ẹ ń yà ní ìwọ̀n mítà 1 tó fún yín ní f/8, ẹ sún un dé ìwọ̀n mítà 2, f/4 lẹ máa bá. Ẹni tó bá ya fọ́tò ẹbí ńlá tí àwọn tó wà lápá iná mọ́lẹ̀ tí àwọn tó wà lápá kejì ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni, ẹ sún iná sẹ́yìn, ẹ gbé e sókè, ẹ wọn òpin ìlà lọ́tùn-ún, ẹ wọn ti òsì, ẹ wọn àárín, títí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu.

Tó bá jẹ́ gílóòbù tàbí iná ilé lẹ ń lò, ẹ máa wọ̀n ọ́n léraléra. Iná NEPA lè wá ní kíkún, ó lè wá ní low current, gílóòbù olókùn inú máa ń rọ̀ jìnnà tí iná bá já wálẹ̀, ojú yín lè má fura, mítà á fura. Tí wọ́n bá wá yí i sí jẹnẹrétọ̀, ẹ tún un wọ̀n. Iná wa jẹ́ 50 Hz, shutter 1/50 tàbí 1/100 ló máa ń bá àwọn iná tó ń ṣẹ́jú mu jù.

Ẹ̀yin oní fíìmù, tiyín tún lágbára jù. Mo ní kámẹ́rà fíìmù Yashica-Mat 124G, bátìrì mercury tí mítà inú rẹ̀ ń lò kò sí lọ́jà mọ́, wọn ò ṣe é mọ́, Rolleiflex tó pọ̀ àti Hasselblad 500C/M ò tiẹ̀ ní mítà nínú rárá. Fíìmù 120 kan, fọ́tò 12 péré ni lórí Yashica, fíìmù sì ti di ohun ọ̀wọ́n, kò sáyè pé ẹ fẹ́ dán an wò. Mo máa ń fi mítà sí ISO 200 tí mo bá ń lo fíìmù Portra 400, torí fíìmù nẹ́gátífù aláwọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fara da ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀ ju èyí tó kéré lọ, awọ dúdú sì ń jèrè ìmọ́lẹ̀ yẹn, kúlẹ̀kúlẹ̀ tó wà nínú òjìji á wà níbẹ̀. Fíìmù slide bíi Ektachrome E100 ò gba irú ìyẹn, nọ́ńbà tí mítà bá sọ gan-an ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá fi fílítà ND tó ń mú stop 3 lọ sójú lẹ́ńsì, ẹ pín ISO orí mítà sí ọ̀nà 8, tó bá jẹ́ 400, ẹ gbé e sí 50, ẹ ò ní nílò ìṣirò kankan mọ́.

Ó ní ibi tó kù sí, mi ò ní fi pa mọ́. Orí rẹ̀ ò yí, nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbé e kọjú sí kámẹ́rà, ẹ ní láti yí ọwọ́ padà kẹ́ ẹ tó ka nọ́ńbà, ó máa ń fa ọwọ́ díẹ̀ tó bá jẹ́ ibi tó há. Kò ní spot, ìyẹn ni pé ẹ ò lè dúró lókèèrè kẹ́ ẹ wọn ojú akọrin lórí ìtàgé, digírì 40 yẹn ti fẹ̀ jù. Kò lè wọn fláàṣì HSS, ìyẹn fláàṣì tó ń bá shutter tó yára gan-an ṣiṣẹ́. Kò lè tan fláàṣì látòkèèrè láìsí wáyà, tẹ́ ẹ bá dá wà ẹ máa fi ọwọ́ kan tẹ trigger, ìyẹn ohun tó ń tan fláàṣì. L-858D, mítà Sekonic míì, máa ṣe gbogbo èyí, ó ní spot digírì 1, ó ń wọn HSS, àmọ́ owó rẹ̀ ti kọjá ti fótógíráfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, mi ò sì rò pé ẹni tó ń ya èèyàn nílò rẹ̀.

Áàpù orí fóònù ńkọ́? Ẹ lè fi kọ́ bí nọ́ńbà ṣe ń bára wọn rìn, ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò burú. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà fóònù ló ń lò, ìmọ́lẹ̀ tó ta padà ló ń wò, ọ̀rọ̀ ẹtù àti sányán náà la tún padà sí, kò sì lè wọn fláàṣì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kékeré tí wọ́n ń fi sórí kámẹ́rà àtijọ́, wọ́n rẹwà, wọ́n wúlò fún ìrìn àjò, ìmọ́lẹ̀ tó ta padà ṣì ni.

L-308X tuntun lé ní 200 dọ́là, ẹ wá fi owó ẹrù lé e kó tó dé ọwọ́ yín. Tó bá ga jù, ẹ wá tòkunbọ̀, L-308S tó ṣáájú rẹ̀ dáa fún fọ́tò, L-358 náà dáa tí orí rẹ̀ sì ń yí, Minolta Auto Meter àtijọ́ lágbára bó tilẹ̀ jẹ́ pé Minolta ti kúrò nídìí iṣẹ́ fọ́tò láti 2006. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún tòkunbọ̀, ẹ ṣí ibi tí bátìrì ń gbé, ẹ wò ó bóyá ó ti dípẹtà, ẹ wo bọ́ọ̀lù bóyá ó ti pọ́n, torí bọ́ọ̀lù tó ti pọ́n ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ẹ tì í lọ tì í bọ̀ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ń dúró gírígírí, lẹ́yìn náà ẹ gbé e jáde sínú oòrùn tó mọ́, ISO 100, 1/125, ẹ kọ bọ́ọ̀lù sí oòrùn gan-an, tó bá gbé f/16 wá tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn, ẹ lè gbé e lọ sílé. Tó bá ti ṣì tó stop kan, ẹ dá a padà fún wọn.